Bí A Ṣe Ń Yan Ibi Tí A Ó Kó Fọ́tò Wa Sí Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ìkómọjáde bá parí ní Mọ́níyà nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n ti tú kánópì, tí àlejò ti wọkọ̀ padà sí Òjóò àti Bódìjà, ọ̀rọ̀ fọ́tò ló máa ń kù. Onífọ́tò lè ti ya 500. Àbúrò ìyá ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè pé òun kò tíì rí ojú ọmọ dáadáa. Ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn ń retí èyí tí wọn yóò fi sínú férémù. Bí a bá ní ká máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wa máa ń wá ibi ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó da gbogbo fọ́tò síbẹ̀, a ó sì pín líǹkì rẹ̀ kiri.

Ọ̀nà tó dára ni, bí a bá fara balẹ̀ yan ibẹ̀. Fọ́tò ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe ti òbí rẹ̀ nìkan. Ti ọmọ náà ni pẹ̀lú, yóò sì dàgbà bá a níbi tí a bá gbé e sí. Ìbéèrè méjì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé: ta ni yóò rí fọ́tò wa? Ta ni ó sì ń sanwó ibi tí a kó o sí? Ẹni tó bá ti lè fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè ṣe gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é, ká má kánjú.

Ohun tí a ó kó sílẹ̀

• Fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ kò dín ní ìdá 50 nínú 100.
• Dátà tó tó 300 MB fún àyẹ̀wò nìkan. Dátà tí a ó fi gbé gbogbo fọ́tò sókè yóò wá lẹ́yìn.
• Ìwé àjákọ kan, bírò kan àti rúlà kan.
• Fọ́tò kan ṣoṣo tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀: òdòdó, igi máńgòrò, tàbí àwo jọ̀lọ́ọ̀fù.
• Ẹnì kan tí a fọkàn tán, tó ní fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́.
• Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lé wa.

Ká ṣí ojú ewé kan nínú ìwé àjákọ náà, ká fi rúlà fa ìlà sí i kó di òpó márùn-ún. Lókè òpó kọ̀ọ̀kan, ká kọ: Orúkọ ibẹ̀, Ta ni ń sanwó, Àṣẹ tí wọ́n gbà, Ta ni yóò rí i, Bí a ṣe lè jáde. Gbogbo ibi tí a bá yẹ̀ wò yóò ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ àwọn òpó yìí.

1. Ká pín fọ́tò sí ọ̀nà mẹ́ta

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó wo íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ká ṣí Gallery orí fóònù, ká dá álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta sílẹ̀: Ìta, Ẹbí àti Ilé. Inú Ìta ni fọ́tò tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjà Mọ́níyà láìsí pé ọkàn ẹnikẹ́ni dàrú: kéèkì, ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngán, aṣọ ẹbí, ijó lójú agbo. Inú Ẹbí ni ojú ọmọ, ìyá ọmọ, àwọn òbí àgbà. Inú Ilé ni èyí tí kò gbọ́dọ̀ gun íntánẹ́ẹ̀tì rárá: ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, káàdì ilé ìwòsàn, ìwé ìbí, ìwé NIN.

Ohun tí a ó ṣọ́ ni ẹ̀yìn fọ́tò. Ojú ọmọ la máa ń wò, a kì í wo nọ́ńbà mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà géètì, báàjì iléèwé lára yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí káàdì ATM tí ẹnì kan gbàgbé sórí tábìlì. Ká fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, ká yẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Èyí tí a bá ṣiyèméjì lé lórí, ká kó o lọ sí álíbọ́ọ̀mù tó ní ààbò jù ú lọ.

2. Ká wọn bí fọ́tò wa ṣe tó

Ká ṣí fọ́tò kan, ká tẹ «Details» tàbí «Info». Yóò sọ iye MB tó jẹ́. Fọ́tò fóònù sábà máa ń wà láàárín 2 MB sí 5 MB. Ti kámẹ́rà onífọ́tò lè tó 8 MB tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká fi iye fọ́tò sọ ọ́ di púpọ̀: fọ́tò 500 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 MB yóò jẹ́ 4,000 MB, ìyẹn nǹkan bíi 4 GB. Ká kọ iye yìí sí ìsàlẹ̀ ojú ewé wa.

Ìdí tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni pé ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀n, ìwọ̀n náà sì lè yí padà. Títí di àárín ọdún 2021, Google Photos máa ń gba fọ́tò tí a bá ti fún pọ̀ díẹ̀ láìka iye rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún náà, gbogbo ohun tí a bá ń kó síbẹ̀ ti ń wọ inú 15 GB ọ̀fẹ́, ìmeèlì Gmail àti fáìlì Drive wa sì ń pín nínú 15 GB yẹn kan náà. Flickr, ibi mìíràn tí ènìyàn ń kó fọ́tò sí, náà ti fún ènìyàn ní àyè tó gbòòrò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan. Láti ọdún 2019, fọ́tò àti fídíò 1,000 ni ẹni tí kò sanwó lè ní níbẹ̀. Bí ohun tí a wọ̀n bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àyè ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ká mọ̀ pé owó ń bọ̀ lọ́nà.

3. Ká bèèrè ẹni tó ń sanwó

Kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fọ́tò ń jẹ iná, ó ń jẹ owó òṣìṣẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó náà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ká sì fi òpó kejì kọ èyí tí ibẹ̀ ń lò.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí olùpolówó ń san. Facebook àti Instagram wà níhìn-ín. A kì í san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ràn, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ àti ohun tí a ń dúró wò ni wọ́n fi ń mọ ìpolówó tí wọn yóò gbé síwájú wa. Èkejì ni èyí tí àwa fúnra wa ń san. SmugMug, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, wà níhìn-ín: owó ni, kò sí ìpolówó. Ẹ̀kẹta ni àdàpọ̀: ọ̀fẹ́ díẹ̀ níwájú, owó lẹ́yìn. Google Photos àti Flickr wà níbí. Google ti sọ ní gbangba pé òun kì í lo fọ́tò inú Google Photos fún ìpolówó. Ní ti Flickr, tí SmugMug rà ní ọdún 2018, ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ń rí ìpolówó, ẹni tó sanwó kò rí i.

Ká ṣọ́ ohun kan lára Flickr yìí. Láti ọdún 2022, fọ́tò 50 péré ni ẹni tí kò sanwó lè pa mọ́ kúrò lójú ayé níbẹ̀. Ìyókù gbọ́dọ̀ wà ní gbangba. Fún fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù Ìta, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Fún álíbọ́ọ̀mù Ẹbí tó bá ní fọ́tò 300, kò bá wa mu. Bí ó bá jẹ́ ibi olówó la fẹ́, ká kọ́kọ́ bi báǹkì wa léèrè bóyá káàdì náírà wa lè san dọ́là, àti iye tó lè san lóṣù. Ká tún wá ibi tí wọ́n kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò bí owó bá tẹ́.

4. Ká wá ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú àdéhùn wọn

Àdéhùn náà gùn, èdè rẹ̀ sì le. A kò ní kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ṣí i nínú Chrome. Orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ «Terms», ìkejì rẹ̀ a sì máa jẹ́ «Privacy Policy». Ká tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ká yan «Find in page», ká wá tẹ àwọn ọ̀rọ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan: «license», «advertising», «third parties», «AI», «delete». Níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti yọ, ká ka ìlà mẹ́ta tó wà lókè rẹ̀ àti mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀.

Níbi «license», ohun tí a ń wò ni àṣẹ tí a ń fún wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí kì í gba àṣẹ kan, nítorí wọn kò lè fi fọ́tò han àbúrò wa ní Lọ́ńdọ̀nù láìjẹ́ pé a gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àṣẹ tó mọ sí kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ tí a bẹ̀ wọ́n dára. Àṣẹ tó ní kí wọ́n lò ó láti polówó, tàbí kí wọ́n fún ẹlòmíràn láyè láti lò ó, ni ká fa ìlà pupa sí lábẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Instagram gbé àdéhùn tuntun jáde. Bí àwọn ènìyàn ṣe kà á, ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ náà lè gba owó lọ́wọ́ olùpolówó kó sì fi fọ́tò wọn hàn láìsan nǹkan kan fún wọn. Ariwo sọ káàkiri ayé, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí Instagram fi yí ọ̀rọ̀ ìpolówó náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kà á ló gba àwọn tí kò kà á sílẹ̀.

Níbi «AI», ká wo bóyá wọn yóò fi ojú wa kọ́ ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, áàpù kan wà tó ń jẹ́ Ever, tí ènìyàn ń kó fọ́tò sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, FTC, kéde ẹ̀sùn pé ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà ti fi fọ́tò àwọn oníbàárà kọ́ ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀, àti pé fọ́tò àwọn tó ti pa àkáǹtì wọn rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà pa fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ́n kọ́. Ohun tí a bá rí, ká kọ ọ́ ní gbólóhùn kan sínú òpó kẹta.

5. Ká ti ilẹ̀kùn ìpolówó

Iṣẹ́ ọwọ́ nìyí, kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Lórí fóònù Android, ká ṣí «Settings», ká wọ «Privacy» tàbí «Google», ká wá «Ads», ká sì tẹ «Delete advertising ID». Nọ́ńbà ni ohun tí a pa rẹ́ yìí. Òun ni oríṣiríṣi áàpù fi ń mọ̀ pé fóònù kan náà ni. Ẹni tó ń lo iPhone, kó wọ «Privacy & Security», kó yan «Tracking», kó pa á. Nínú àkáǹtì Google, ká wá «My Ad Center», ká pa «Personalized ads». Lórí Facebook àti Instagram, ká wọ «Accounts Center», ká yan «Ad preferences», ká ka ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a ó mọ̀ ni pé ìpolówó kò ní tán. Yóò ṣì máa jáde, ṣùgbọ́n kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rán fún ìwọ̀n ara wa mọ́. Ibi tí kò bá ní ojú ewé tí a ti lè pa èyí rárá, ká kọ ọ́ sínú ìwé wa pé kò ní.

Ká má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Nàìjíríà. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà àti ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo dátà, òfin náà ló sì gbé NDPC, àjọ tó ń mójú tó o, kalẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, a lè béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ nípa wa, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, a sì lè kọ̀ kí wọ́n má lò ó láti fi polówó ọjà fún wa. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà bu owó ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 220 lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, lẹ́yìn ìwádìí tí òun àti NDPC jọ ṣe. Lára ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ń pín dátà ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, àti pé wọn kò fún wa ní irú ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn. Meta pẹjọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí ìtanràn náà. Nítorí náà, bí a bá ń wá bọ́tìnnì tí a ó fi pa ìpolówó, ẹ̀tọ́ wa là ń lò.

6. Ká yọ àdírẹ́sì kúrò lára fọ́tò

Bí kámẹ́rà fóònù bá ya fọ́tò, ó lè kọ ibi tí a ti yà á mọ́ ọn lára, níbi tí ojú kò rí. Fún fọ́tò tí a yà ní ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, kò sí ewu. Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a yà ní pálọ̀ wa lè júwe ilé wa fún ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ká ṣí fọ́tò kan nínú Google Photos, ká fi ìka fà á sókè. Bí máàpù bá yọ, àdírẹ́sì wà lára rẹ̀ nìyẹn.

Ká ṣí kámẹ́rà, ká wọ «Settings» rẹ̀, ká wá «Location tags», «Save location» tàbí «Location», ká pa á. Èyí yóò tún ti ọ̀la ṣe. Fún èyí tí a ti yà tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ Gallery máa ń jẹ́ kí a tẹ «Edit» nínú «Details» kí a sì yọ ibi náà kúrò. Bí tiwa kò bá gbà, ká ya ojú fóònù náà, èyí tí a mọ̀ sí screenshot. Àdírẹ́sì kì í bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò náà kò ní hàn kedere tó ti àkọ́kọ́. Ohun tí a ó ṣọ́ ni WhatsApp: fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò kì í gbé àdírẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi «Document» ń gbé e lọ.

7. Ká fi fọ́tò kan dán ibẹ̀ wò

Nísinsìnyí, ká yan ibi méjì tó dára jù nínú ìwé wa. Ká ṣí àkáǹtì síbẹ̀ pẹ̀lú ìmeèlì tí kì í ṣe èyí tí báǹkì wa ń lò. Páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ kó tó lẹ́tà 12, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí. Bí wọ́n bá ní «Two-step verification», ká tan án.

Ká gbé fọ́tò òdòdó wa sókè, òun nìkan. Ká yan «Private» tàbí orúkọ ẹni tí a fẹ́, ká sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹni tó jókòó tì wá. Ká ní kó ṣí i. Lẹ́yìn náà, ká ní kó fi líǹkì kan náà ránṣẹ́ padà sí wa, ká ṣí i nínú «New Incognito tab», níbi tí Chrome kò ti mọ̀ wá. Bí òdòdó náà bá yọ láìbéèrè páásíwọ̀ọ̀dù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè wò ó. Líǹkì tí a fi sí gúrúùpù ẹbí lè dé gúrúùpù ìjọ, kó dé ti ẹgbẹ́ iléèwé, láìsí pé ẹnì kankan ní èrò ibi. Ohun tó dára jù fún álíbọ́ọ̀mù Ẹbí ni ibi tí a ti lè yan ènìyàn pẹ̀lú ìmeèlì wọn, tí a sì lè pa líǹkì nígbà tó bá wù wá. Ká kọ ohun tí ojú wa rí sínú òpó kẹrin.

8. Ká gba àṣẹ lẹ́nu àwọn tó wà nínú fọ́tò

Ìgbésẹ̀ yìí kò ná wa ní dátà. Ká pe àwọn tí ojú wọn hàn gedegbe. Onífọ́tò tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn oníbàárà mìíràn lè sọ fún ìyá ọmọ pé: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ gbà kí n gbé fọ́tò yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Gbogbo ènìyàn ni yóò lè rí i o.» Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Fún àgbàlagbà tí kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì, ká fi fóònù hàn wọ́n bí yóò ṣe rí kí wọ́n tó dáhùn, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í kò tíì fún ni láṣẹ.

Ní ti ọmọdé, òfin ọdún 2023 sọ pé òbí tàbí alágbàtọ́ ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lo dátà ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àbúrò bàbá ọmọ lè fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kó tó gbé e sí Facebook. Ká sì yẹra fún kíkọ orúkọ ọmọ ní kíkún, ọjọ́ ìbí àti ilé ìwòsàn sábẹ́ fọ́tò kan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tó fún ẹni tó bá fẹ́ jí orúkọ ọmọ lò.

9. Ká wá ọ̀nà àbájáde

Ká pa fọ́tò òdòdó rẹ́. Ká wo «Trash» tàbí «Bin», nítorí ọ̀pọ̀ ibi ń tọ́jú ohun tí a pa rẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ síbẹ̀. Ká pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Ká wá ṣí líǹkì àtijọ́: ó gbọ́dọ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà, ká wo bóyá a lè gba gbogbo fọ́tò wa padà lẹ́ẹ̀kan náà. Google ní «Takeout» fún èyí. Ibi tó bá ní kí a máa gba 500 padà lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní ọ̀nà àbájáde. Ká kọ ọ́ sínú òpó karùn-ún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbàárà Photobucket, ibi mìíràn tí ènìyàn ń kó fọ́tò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló fi hàn pé ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2017, ibẹ̀ ṣàdédé yí òfin rẹ̀ padà: ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò òun máa hàn ní ojú ewé mìíràn gbọ́dọ̀ san nǹkan bíi dọ́là 400 lọ́dún. Àìmọye fọ́tò ló dàwátì ní ibi tí wọ́n ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ibikíbi tí a bá yàn, ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ wà nílé. Ká ra fíláàṣì 64 GB, ní àdúgbò Queen Cinema ní Ìbàdàn tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò tí a mọ̀. Kí a tó kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ká kó fáìlì díẹ̀ sí i, ká ṣí wọn, ká rí i pé wọ́n pé. Ká kó álíbọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ká kọ ọjọ́ sí ara rẹ̀, ká fi í sí ibi tí òjò àti ọmọdé kò lè dé.

10. Ká yàn, ká kó o, ká sì máa padà yẹ̀ ẹ́ wò

Ká gbé ìwé àjákọ wa síwájú. Ibi tó yẹ wá ni èyí tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn òpó rẹ̀ márààrún láìkálòlò. Kò pọn dandan kó jẹ́ ibì kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ètò yìí tó: álíbọ́ọ̀mù Ìta lè wà ní gbangba, àní níbi tí ìpolówó wà, Ẹbí kó wà níbi tí a ti lè yan olùwò, Ilé kó má kúrò lórí fóònù àti fíláàṣì. Ká fún ara wa ní dátà tó kọjá 4 GB tí a wọ̀n, ká gbé fọ́tò sókè ní 50, 50, ká máa wò ó bóyá wọ́n wọ ibi tí a fẹ́ kí wọ́n wọ̀.

Ká fi áàpù kàlẹ́ńdà orí fóònù sàmì sí ọjọ́ kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ní ọjọ́ náà, ká ka àdéhùn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ márùn-ún wa, ká wo ẹni tí líǹkì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ká yọ ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá lo fọ́tò wa ní ọ̀nà tí a kò fọwọ́ sí, ká ya ojú ewé náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ká kọ̀wé sí wọn kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, ká gbé ẹ̀rí náà tọ àjọ NDPC lọ. Àjọ náà wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tí a sì tọ́jú dáadáa ni yóò jẹ́ kí wọ́n lè bá wa ṣe é.